Ewé tiwa, àìsàn tiwa, ẹ̀rọ tàwọn ẹlòmíì

1/ Gbogbo ìgbà tí mo bá ti dárúkọ neutron lórí TL yìí, èsì kan náà ni mo máa ń gbà: "Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ṣé neutron ló máa mú kí gààrí wọ́n dínkù lọ́jà?" Lónìí mo fẹ́ dá yín lóhùn dáadáa. Ẹ fi data yín jìn mí díẹ̀, thread yìí gùn.

2/ Ọ̀rọ̀ náà rèé ní ṣókí. Àwọn kan ń fi owó àti ọgbọ́n tún ẹ̀rọ kan ṣe lọ́dọọdún, ẹ̀rọ tó ń fi neutron wo inú protein àti inú ara ohun alààyè. Àìsàn kan wà tó ń pa wá ju gbogbo ayé lọ, tí irú ẹ̀rọ yẹn lè là wá lójú nípa ẹ̀. Àmọ́ orúkọ wa ò sí lára àwọn tó ń tò síwájú ẹ̀rọ náà. Mo fẹ́ sọ ìdí ẹ̀, inú ẹlòmíì ò sì ní dùn.

3/ Ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Neutron jẹ́ ọ̀kan lára ohun tín-ín-tín tó wà láàárín gbùngbùn átọ́ọ̀mù. James Chadwick ló ṣàwárí ẹ̀ ní 1932. Kò ní charge kankan, torí náà iná inú átọ́ọ̀mù kì í fà á, kì í sì í tì í. Ó lè wọ inú nǹkan lọ jìnnà, kó má sì ba nǹkan náà jẹ́.

4/ X-ray tẹ́ ẹ mọ̀ ní ọsibítù, electron ló ń rí. Átọ́ọ̀mù tí electron ẹ̀ bá pọ̀ ló máa ń rí dáadáa. Háídírójìn, electron kan ṣoṣo péré ló ní, X-ray fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i rárá. Bẹ́ẹ̀, tá a bá ka átọ́ọ̀mù ara èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, háídírójìn ló pọ̀ jù. Neutron ní tiẹ̀ ń rí i kedere.

5/ Ibi tó ti wá dùn nìyí. Háídírójìn ní ẹ̀gbọ́n kan tó wúwo jù ú lọ, deuterium lorúkọ ẹ̀. Omi tó bá jẹ́ deuterium ló wà nínú ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní omi wúwo. Lójú tèmi tìẹ, omi ni méjèèjì. Lójú neutron, wọn ò jọra rárá.

6/ Ẹni tó wọ aṣọ funfun tó dúró síwájú ògiri funfun, ẹ ò ní tètè rí i, àbí? Bó ṣe rí nìyẹn. Tí omi wúwo bá tó nǹkan bíi 40% nínú omi tí sámpù wà, protein á pòórá lójú ẹ̀rọ, RNA tó so mọ́ ọn nìkan lẹ máa rí. Ẹ sún un sókè sí nǹkan bíi 70%, RNA á pòórá, protein á yọjú. Ẹ̀yin lẹ ń yan èyí tẹ́ ẹ fẹ́ rí.

7/ Ẹ̀rọ kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí wà ní Oak Ridge, ní Tennessee, Amẹ́ríkà. Bio-SANS ni wọ́n ń pè é. Reactor tó ń pèsè neutron fún un, HFIR, ọdún 1965 ni wọ́n kọ́kọ́ tan án. 1965 o! Ọdún tí wọ́n ń ṣe wẹ́tìẹ̀ ní Western Region nìyẹn, tí ará ilé ń da bẹntiróòlù sórí ilé ara wọn nítorí ìbò.

8/ Reactor ọdún 1965 yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ dòní olónìí. Kí ló fà á? Wọn ò fi í sílẹ̀ ni. Ní 2007 wọ́n fi háídírójìn tó tutù nini sí i, kó máa dín eré neutron kù, torí neutron tó ń rọra rìn ló dáa jù fún wíwo nǹkan tó tóbi bíi protein. Ọdún kejìlélógójì tí wọ́n tan án nìyẹn, ẹ fọkàn sí i.

9/ Wọn ò tíì ṣe tán. Sámpù tó wá láti ara ohun alààyè kì í sọ̀rọ̀ sókè. Omi ló pọ̀ nínú ẹ̀, protein ibẹ̀ ò tó nǹkan. Ìwọ̀nba neutron díẹ̀ ló máa yà lọ́nà nítorí protein, ariwo omi á sì fẹ́ bo ohùn ẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ojú tí ẹ̀rọ fi ń gba neutron bá kéré, wàá jókòó tì í fún wákàtí gbọọrọ, protein rẹ lè ti bàjẹ́ kó o tó ṣe tán.

10/ Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n fi ojú kún ojú ẹ̀. Ojú ńlá tó ti wà níwájú ń wo neutron tó yà díẹ̀, wọ́n wá fi òmíràn tó tẹ̀ bí ọrun sí ẹ̀gbẹ́ kó máa mú àwọn tó yà gan-an. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ẹ̀rọ á rí bí odidi protein ṣe rí àti bí àwọn oríkèé ẹ̀ ṣe to ara wọn. Ohun tó jẹ́ pé wàá wò lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta tẹ́lẹ̀ ti di ìwòkan.

11/ Wọ́n tún ní yàrá kan tí wọ́n ti ń fi omi wúwo tọ́ bakitéríà, kí protein tó bá ti ara ẹ̀ jáde lè ní deuterium nínú. Ṣé ẹ rí i báyìí? Ohun tí wọ́n ń pè ní upgrade kọjá irin. Irin wà níbẹ̀, yàrá wà níbẹ̀, èèyàn tó mọṣẹ́ náà wà níbẹ̀, owó oṣù onítọ̀hún sì ń wọlé lásìkò.

12/ Ọ̀yọ́ tí mo wí yìí, ìlú onígbá fífín ni. Láyé àwọn bàbá wa, bí igbá bá fọ́, wọn kì í sáré jù ú sí ààtàn. Wọ́n á gán an, igbá tí wọ́n gán á sì máa gbé nǹkan. Àwa yìí mọ̀ pé nǹkan ò gbọ́dọ̀ kú torí pé ó sán. Báwo la ṣe wá di ẹni tó mọ "commissioning" nìkan? Wọ́n á so ríbọ́ọ̀nù, wọ́n á gé e, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Tó bá dọdún kejì, aláǹgbá ti ń yé ẹyin sínú ẹ̀rọ.

13/ "Ó dáa, a ti gbọ́ ti Tennessee. Kí ló kan Ògbómọ̀ṣọ́?" Fòníkú-fọ̀ladìde ló kàn án. SS. Kò sí agboolé kan láti Tákíé dé Akẹ́sán tí ò mọ ẹni tó ní in, tàbí tí kò tíì sin ẹnì kan nítorí ẹ̀.

14/ Nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, nǹkan bí ẹnì kan jẹ́ AS. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣírò pé nǹkan bí 150,000 ọmọ ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àìsàn yìí lórílẹ̀-èdè wa lọ́dọọdún. Kò sí orílẹ̀-èdè kan lágbàáyé tí tiẹ̀ tó tiwa. Àwọn ìyá wa ti pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àbíkú rí, wọ́n ti fi abẹ kọ ọ́ lára rí. Bẹ́ẹ̀ protein kan ló wà nídìí ẹ̀.

15/ Hemoglobin ni protein náà, òun ló ń gbé ọ́síjìn káàkiri nínú ẹ̀jẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ SS, ẹyọ kan ṣoṣo ló yí padà lórí okùn ẹ̀: níbi tó yẹ kí glutamic acid wà, valine ló wà. Tí ọ́síjìn bá ti kúrò lára ẹ̀, àwọn hemoglobin á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n á di okùn gígùn, okùn mẹ́rìnlá á lọ́ mọ́ra. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ á tẹ̀ bíi dòjé. Á há sójú iṣan. Igbe tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ lóru nìyẹn.

16/ Linus Pauling àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti fi hàn ní 1949 pé hemoglobin ni ìṣòro yìí ti wá. Ìbéèrè tó kù ni: báwo ni wọ́n ṣe ń lẹ̀ mọ́ra gan-an? Kí ni omi tó yí wọn ká ń ṣe nígbà náà? Tá a bá fi oògùn kan sí i, ibo ló ń lọ dúró sí kó lè dá wọn dúró? Irú ìbéèrè tí wọ́n ń gbé lọ síwájú ẹ̀rọ bíi Bio-SANS nìyí. Wọ́n tiẹ̀ ti fi neutron wo bí hemoglobin ṣe ń mira nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, láì tú sẹ́ẹ̀lì náà ká.

17/ Ẹ jẹ́ n wá sọ ìtàn kan tó yẹ kí gbogbo ọmọ SS1 mọ̀. Ní àwọn ọdún 1990, Rev. P. O. Ogunyale gbé àgbo fòníkú-fọ̀ladìde kan tọ NIPRD lọ, ilé iṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá. Nǹkan mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀: ìyèré, kànáfùrù, igi osùn àti ewé ọkà bàbà. Ẹ̀yin náà ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Èwo ni ò sí lọ́jà Akẹ́sán nínú ẹ̀?

18/ NIPRD ṣiṣẹ́ lé e lórí, wọ́n sọ ọ́ ní Niprisan. Wọ́n dán an wò lára àwọn tó ní SS, ìrora tó máa ń gbé wọn dè sì dínkù. Wọ́n gba patent fún un ní Amẹ́ríkà ní 1998. Kì í ṣe awòtán, kò yí SS padà di AA, àmọ́ iṣẹ́ gidi ni. Ewé tiwa, onímọ̀ tiwa, aláìsàn tiwa.

19/ Ẹ wá gbọ́ ibi tó dùn mí dé. Nígbà tó di pé ká mọ ohun tí Niprisan ń ṣe fún hemoglobin gan-an, Philadelphia ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ tó lórúkọ jù lórí ẹ̀, lára eku tí wọ́n fún ní hemoglobin SS. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi hàn pé ó ń fa lílẹ̀ mọ́ra yẹn sẹ́yìn. Ọpẹ́ ni fún wọn o. Àmọ́ ìyèré tiwa ní láti wọkọ̀ òfurufú kọjá òkun kí ẹnì kan tó lè sọ fún wa ohun tó ń ṣe nínú ẹ̀jẹ̀ wa.

20/ Iṣẹ́ ṣíṣe oògùn náà bọ́ sọ́wọ́ Xechem, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan. Wọ́n gbé e jáde ní 2006, wọ́n pè é ní Nicosan. Ní 2008, ilé iṣẹ́ náà wọ gbèsè, ó kógbá sílé. Aláìsàn tó ti gbára lé oògùn yẹn ńkọ́? Ó kù sọ́wọ́ Ọlọ́run. Nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíì ni ìmọ̀ wà, tí owó náà tún wà lọ́wọ́ ẹlòmíì, kí ló kù lọ́wọ́ tiwa? Igbá àgbo.

21/ Ẹ wo ibi táyé bá a dé báyìí. Ní December 2023, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Casgevy, ìwòsàn tó ń tún ìran inú sẹ́ẹ̀lì ṣe fún àwọn tó ní SS. Iye tí wọ́n fi lé e ni 2.2 mílíọ̀nù dọ́là fún ẹnì kan. Ẹ ṣẹ́ ẹ sí náírà fúnra yín, èmi ò fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ yín ru. Àìsàn tó jẹ́ tiwa jù, ìwòsàn ẹ̀ ló jìnnà sí wa jù.

22/ Mo wá fẹ́ bá ẹgbẹ́ mẹ́ta jà. Ẹgbẹ́ kìíní: ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta àgbo lórí WhatsApp, tẹ́ ẹ ní ó ń sọ SS di AA láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún. Irọ́ ni. Genotype kì í fi àgbo yí padà. Ẹ̀yin gan-an lẹ̀ ń ba ewé wa jẹ́. Ewé tó ṣiṣẹ́ kì í bẹ̀rù àyẹ̀wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní SS, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí onítọ̀hún pa oògùn dókítà tì.

23/ Ẹgbẹ́ kejì: "baba wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, kí lẹ̀ ń fi ẹ̀rọ òyìnbó yẹ̀ ẹ́ wò fún?" Bàbá wa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Wọn ò sọ fún wa bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ìwọ̀n wo ló yẹ ọmọ ọdún mẹ́ta, ìgbà wo ló ń di májèlé. Bí onígbá bá ṣe pe igbá ẹ̀ la ṣe ń bá a pè é. Tá a bá ń pè é ní "awo" títí láé, àwọn tó ń pè é ní "molecule" ló máa gba patent ẹ̀.

24/ Ẹgbẹ́ kẹta lẹ pọ̀ jù lórí TL yìí: "Ẹ ṣe ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ná kẹ́ ẹ tó máa sọ̀rọ̀ neutron." Mo gbọ́. Mo ń rin ọ̀nà yẹn. Ó ti gba ẹ̀mí àwọn tá a mọ̀, iṣẹ́ orí ẹ̀ sì ti ń falẹ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Àmọ́ àìsàn kan náà ni àwọn méjèèjì. Ẹni tí ò lè parí ọ̀nà, tí ò lè tún ọ̀nà ṣe, kò ní lè tọ́jú ẹ̀rọ. Kì í ṣe pé owó ọ̀nà ni wọ́n fi ra neutron. Wọn ò ra èyí, wọn ò sì ṣe ìyẹn.

25/ Àti pé ta ló sọ fún yín pé ẹ̀ẹ̀kan ni tálákà ń ronú? Jordan kì í ṣe orílẹ̀-èdè olówó. Ẹ̀rọ SESAME wà níbẹ̀, X-ray ló ń lò ní tiẹ̀, wọ́n ṣí i ní 2017. Tòkúnbọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀! Lára ẹ̀rọ BESSY I tí wọ́n tú ní Berlin ni wọ́n ti mú nǹkan tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àwa tá a mọ tòkúnbọ̀ jù láyé, mọ́tò àti fíríìjì nìkan la mọ̀ ọ́n rà.

26/ Ẹ mọ àwọn tó jọ ni SESAME? Iran wà níbẹ̀, Israel wà níbẹ̀, Palestine, Egypt, Pakistan, Turkey. Àwọn tí wọ́n ń sọ bọ́ǹbù lu ara wọn lè jókòó síbi ìpàdé kan náà nítorí ẹ̀rọ. Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun, ọmọ ìyá, wọ́n fa LAUTECH ya láàárín ara wọn títí Ọ̀yọ́ fi dá a ní ní 2020. Nígbà ìjà yẹn, ilẹ̀kùn yunifásítì náà wà ní títì fún oṣù gbọọrọ ní 2016 sí 2017. Ẹ sọ fún mi, ẹ̀rọ wo ni ì bá yè é?

27/ Kí ẹnikẹ́ni má gbé ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu: mi ò ní ká kọ́ reactor sí Ògbómọ̀ṣọ́. A ti ní ọ̀kan ní Zaria, ní ABU, láti 2004. Nǹkan bíi 30 kilowatt ni agbára ẹ̀. Ti Oak Ridge jẹ́ 85 megawatt, ìyẹn fi nǹkan bí ìlọ́po 2,800 ju ti Zaria. Ti Zaria dáa fún mímọ èròjà tó wà nínú ilẹ̀ àti oúnjẹ. Neutron ẹ̀ kò pọ̀ tó fún irú iṣẹ́ Bio-SANS, ẹ má jẹ́ kí olóṣèlú kankan fi irọ́ yẹn tàn yín.

28/ Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Zaria ní 2018. Wọ́n yọ epo uranium tó lágbára débi pé wọ́n lè fi ṣe bọ́ǹbù, wọ́n dá a padà sí China, wọ́n fi èyí tí kò léwu bẹ́ẹ̀ rọ́pò ẹ̀, ẹ̀rọ náà sì tún ṣiṣẹ́. Ọmọ Nàìjíríà wà nídìí iṣẹ́ yẹn pẹ̀lú àwọn àlejò. Upgrade gidi nìyẹn, lórílẹ̀-èdè yìí. Ẹni tó bá ní a ò lè ṣe é, ẹ fi Zaria hàn án.

29/ Ẹ wo itòsí. Ní OAU, Ilé-Ifẹ̀, ẹ̀rọ Pelletron kan wà ní CERD láti 2008, 1.7 mílíọ̀nù volt. Ó lè sọ fún ọ iye irin, zinc tàbí òjé tó wà nínú ewé tí ìyá àgbà ń tà. Ní LAUTECH, ẹgbẹ́ oníwádìí nanotechnology kan ti ń fi èèpo obì, èèpo kòkó, kódà òwú aláǹtakùn ṣe èérún fàdákà tín-ín-tín. Iṣẹ́ wà nílé. Èèyàn wà nílé.

30/ Kí ló wá kù? Ẹ̀rọ ńlá tàwọn ẹlòmíì gan-an, ẹnu ọ̀nà ẹ̀ ò tì. Oak Ridge kì í gbowó neutron lọ́wọ́ ẹni tó bá máa tẹ èsì ẹ̀ jáde fún gbogbo ayé. Wàá kọ ìwé ohun tó o fẹ́ ṣe, àwọn onímọ̀ á yẹ̀ ẹ́ wò, tó bá dáa, wọ́n á fún ọ ní ọjọ́. Ẹnu ọ̀nà ṣí, ẹsẹ̀ la ò ní.

31/ Torí kí wọ́n tó fún ọ ní ọjọ́, wọ́n á bi ọ́: protein rẹ mọ́ tónítóní? Ó tó? Ó ń lẹ̀ mọ́ra tàbí kò lẹ̀? Fíríìjì tó tutù dé -80 ni wàá fi tọ́jú ẹ̀, ẹ̀rọ kékeré ni wàá fi kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò nílé. Gbogbo ẹni tó bá ti ṣe project rí mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. NEPA.

32/ Ẹ ò ní gbàgbé o: UCH Ìbàdàn, ọsibítù ńlá tó ti wà láti 1957, lo ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lọ láìsí iná ìjọba, láti ìparí 2024 wọ 2025, nítorí gbèsè iná. Ọsibítù! Tí a bá lè ṣe ìyẹn fún aláìsàn tó ń mí, kí la máa ṣe fún protein inú ìgò? Ẹ̀jẹ̀ àyẹ̀wò kì í pariwo tó bá ń bàjẹ́.

33/ Nítorí náà, ohun tí mò ń béèrè kò tóbi. Kìíní: iná tí kì í lọ fún yàrá ìwádìí kan ṣoṣo ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ọ̀kan ní Ọ̀yọ́. Sólà àti bátìrì, ká fi orúkọ ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ sára ògiri. Ẹ ti fi sólà sójú títì tó ti kú tán, ẹ fi sí ibi tó máa wúlò.

34/ Ìkejì: kí gbogbo owó tí wọ́n bá fi ra ẹ̀rọ ní owó àtúnṣe ẹ̀ lára, fún ọdún mẹ́wàá. Tí kò bá sí, ẹ má rà á. Kẹ́ ẹ sì sanwó gidi fún ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́wàá ò lè rọ́pò tẹkiníṣíànì kan tó mọ ohùn ẹ̀rọ ẹ̀.

35/ Ìkẹta: kí LAUTECH, OAU, UI àtàwọn yunifásítì tó wà ní Ọ̀yọ́ jọ ní ẹ̀rọ kékeré tó ń fi X-ray ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ó wà lágbàáyé, inú yàrá kan ló ń gbé, kò nílò reactor. Òun la máa fi múra sílẹ̀ ká tó gbé sámpù lọ síwájú neutron. Ọ̀kan ṣoṣo. Tí Iran àti Israel bá lè jọ ní, ẹ̀yin náà á lè jọ ní.

36/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Under G tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ti ń wá japa. Mi ò bú yín. Ẹ lọ. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá dé iwájú ẹ̀rọ yẹn, tí wọ́n bá bi yín pé sámpù wo lẹ fẹ́ wò, ẹ má mú protein tí gbogbo ayé ti wò tán. Ẹ mú ìyèré. Ẹ mú osùn. Kẹ́ ẹ sì fi orúkọ ẹni tó kù nílé sórí ìwé náà, kó má jẹ́ ẹni tó kó ewé ránṣẹ́ lásán.

37/ Ìbò 2027 ń bọ̀. Wọ́n máa wá sí Ọ̀yọ́, wọ́n máa wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìrẹsì á wà, fìlà á wà. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ fi fóònù ká a: "Ẹ̀rọ wo lẹ bá nílẹ̀ tẹ́ ẹ tún ṣe?" Ẹ má bi wọ́n léyìí tí wọ́n rà, wọ́n mọ̀ ọ́n rà. Èyí tí wọ́n tún ṣe ni kẹ́ ẹ béèrè.

38/ Àwọn ọmọ 150,000 ti ọdún yìí, wọ́n ti ń bí wọn lọ́wọ́ báyìí. Wọn ò ní dúró kí ríbọ́ọ̀nù já. Ẹ tẹ RT, kó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń sọ pé kò kan òun.